Kọ́níìsì Lórí Igun Róbótó

Bí o bá fẹ́ mọ bí káfíńtà kan ṣe mọṣẹ́ tó, má wo ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀. Ilẹ̀kùn tí kò dọ́gba, wọn a fi ìfági fá a díẹ̀, wọn a sún hínjì sókè tàbí sísàlẹ̀, ẹni tó rà á kò ní mọ̀. Òkè pátápátá ni kí o wò, níbi tí kọ́níìsì, igi ọlọ́nà tí a fi ń dé orí kọ́bọ́ọ̀dù, ti ń yí igun kọjá. Bí ẹnu rẹ̀ kò bá pàdé níbẹ̀, kò sí ẹni tí kò ní rí i, pàápàá ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ sínú yàrá tí kò rí nǹkan mìíràn wò. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Glei ṣe máa ń wí, kì í sì í rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ ọ́.

Glei wà lójú títì ńlá tó ti Lomé gòkè lọ sí àríwá Togo. Bí o bá ti kọjá Notsé àti Wahala, Glei ló kàn kí o tó dé Atakpamé. Àwọn ará Ifẹ̀, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Ana, ló ń gbé ibẹ̀, Ilé-Ifẹ̀ tiwa ni wọ́n sì ń tọ́ka sí bí wọ́n bá ń sọ ibi tí àwọn baba wọn ti ṣẹ̀ wá. Àwọn ará Jámánì la ojú irin láti Lomé gba ibẹ̀ lọ sí ẹ̀bá Atakpamé kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1914. Nígbà ìjọba wọn náà ni igi tííkì kọ́kọ́ dé Togo. Kì í ṣe igi ilẹ̀ wa rárá. India, Burma àti Thailand ló ti wá. Lónìí, ODEF, iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971 láti máa bójú tó igbó, ló ni ọ̀pọ̀ oko tííkì tó wà ní Togo, àwọn àgbẹ̀ náà sì ń gbin tiwọn sí etí oko. Ìdí nìyẹn tí tííkì fi ń hu jáde nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tó wà lójú ọ̀nà yẹn. Mo sọ èyí nítorí pé irú igi tó wà lọ́wọ́ ẹni ló ń pinnu ọ̀nà tí ẹni náà yóò gbà ṣiṣẹ́.

Ìkọ́ṣẹ́ níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọ̀dọ̀ wa: àwọn òbí ọmọ á gbé ọtí wá, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé, ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á kọjá kí wọ́n tó ṣe fíríìdọ́ọ̀mù fún un. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún àkọ́kọ́, gbígbá èérún igi ni, àti títọ́ ìṣó tó ti wọ́. N kò ní fi ìyẹn gba àkókò ẹnikẹ́ni.

Igun mímú ni a kọ́kọ́ ń kọ́. Kọ́níìsì kì í dúró ṣánṣán mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù. Ó máa ń fì síta ni: ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara igi, orí rẹ̀ yọ sí iwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣófo. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ gé e, a kì í tẹ́ ẹ sílẹ̀ lásán. A máa ń dorí rẹ̀ kodò sínú àpótí ìgé. Etí tó máa kọjú sókè ni yóò jókòó lórí ilẹ̀ àpótí náà, etí ìsàlẹ̀ á fara ti ògiri rẹ̀. Nígbà náà ni ayùn tó bá bọ́ sínú ojú ọ̀nà dígíríì 45 yóò gé e bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé òkè ni ilẹ̀, tí ilẹ̀ sì jẹ́ òkè nínú àpótí yẹn, ó ti mọ ohun tó le jù nínú igun mímú. Méjì tó gé ní 45 á pàdé, wọ́n á di 90, ó parí.

Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà kò fẹ́ igun mímú mọ́. Igun róbótó ni wọ́n ń fẹ́: wọ́n ti rí ti Lomé, wọ́n ti rí ti orí fóònù. Wọ́n sì ní ìdí gidi pẹ̀lú: ọ̀nà tó wà láàárín ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù kì í fẹ̀, orí ọmọdé sì máa ń wà ní ìwọ̀n ibi tí igun mímú ara kọ́bọ́ọ̀dù wà gan-an. Ara kọ́bọ́ọ̀dù náà kò ṣòro láti yí. A ó fi ayùn la ẹ̀yìn pláíwúùdù ní ìlà-ìlà tó sún mọ́ra, ayùn kò ní dé ojú rẹ̀, a ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, a ó da gúlúù sínú àwọn ìlà náà, a ó sì fi okùn dè é títí yóò fi gbẹ. Ó máa ń yí dáadáa. Ibi tí ọgbọ́n náà ti ń tan ọmọ iṣẹ́ jẹ nìyí. Nígbà tí ara ti gbà láti tẹ̀, kí ló dé tí orí kò ní tẹ̀?

Ọ̀gá kì í dá ẹni lóhùn bó bá bi í ní irú ìbéèrè yẹn. Ó máa ń mú páálí ìwé, á gé e ní gbọọrọ bíi kọ́níìsì, á ní kí o fi yí igun kọ́bọ́ọ̀dù kí o sì jẹ́ kó fì síta bí kọ́níìsì ṣe ń fì. Páálí náà á kọ̀. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ra, á ká jọ wúruwùru, orí á sì fẹ́ ya. Lẹ́yìn náà ni yóò wá mú kọ́ńpáàsì àti pẹ́ńsù.

Ẹ jẹ́ ká fi òǹkà ṣe é. Igun kọ́bọ́ọ̀dù tó yí ní sẹ̀ǹtímítà 10, tí a bá wọ̀n ọ́n láti ojú ibi tí ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì wà. Kọ́níìsì tó yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 6. Orí kọ́níìsì náà á wà ní 16 sí ojú kan náà. Ìdámẹ́rin òbìrí ni igun ọ̀hún. Kí ìsàlẹ̀ kọ́níìsì tó yí i tán, yóò rin sẹ̀ǹtímítà 15.7. Kí orí rẹ̀ tó yí i tán, yóò rin 25.1. Orí fi ohun tó lé ní sẹ̀ǹtímítà 9 gùn ju ìsàlẹ̀ lọ, lára igi kan ṣoṣo! Kò sí pákó tí yóò na orí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì dúró bó ṣe wà. Ara kọ́bọ́ọ̀dù gbà láti tẹ̀ nítorí pé òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń rin ìrìn kan náà. Ti kọ́níìsì kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí kọ́ńpáàsì wà fún nìyí. Nígbà tí kọ́níìsì fì ní dígíríì 45, ọ̀gá á sọ 10 di ìlọ́po 1.41, á sọ 16 náà bẹ́ẹ̀, á fi 14.1 àti 22.6 fa ìlà yíyí méjì sórí páálí láti ojú kan, á sì gé ohun tó wà láàárín wọn ní ìwọ̀n dígíríì 64. Ó tẹ̀ kọrọdọ lórí tábìlì, kò jọ kọ́níìsì rárá. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé e mọ́ igun, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́ lókè àti nísàlẹ̀. Bí àwọn tó ń fi páànù rọ àrọ ṣe máa ń gé páànù wọn nìyẹn, wọn kò sì lọ sí yunifásítì kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti rí páálí yẹn ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe títẹ̀ ni iṣẹ́ yìí. Ńṣe ni kí igi náà ti yí kó tó di kọ́níìsì.

Ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà ṣe é kò kéré. Ní Amẹ́ríkà, wọn a máa ra kọ́níìsì onírọ́bà tí wọ́n dà ní ìwọ̀n igun náà gan-an, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, wọ́n á kùn ún. Kò burú fún ohun tí a máa kùn pa, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kí iṣan tííkì hàn lábẹ́ fáníìsì kò lè lò ó. Ọ̀nà mìíràn ni kí a fi ooru omi gbígbóná rọ igi. Michael Thonet lo ọgbọ́n yẹn ní Vienna, àga rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Nọ́ńbà 14, tó jáde ní 1859, sì kárí ayé. Igi beech ló lò, ó sì tẹ̀ ẹ́ bí ọ̀pá róbótó, tí kò ní orí kò ní ìsàlẹ̀. Tííkì àti ìrókò kì í gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá sì gbọ́ pàápàá, ọ̀rọ̀ orí tó gùn ju ìsàlẹ̀ lọ ṣì wà nílẹ̀.

Èyí tó dára jù lójú mi, bí ẹ̀rọ bá wà, ni kí a fi ẹ̀rọ tí ń yí igi ṣe òrùka kan odidi kí a sì pín in sí mẹ́rin. Igun mẹ́rin jáde lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn sì jọra. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òrùka tiwa yìí á fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 32, ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò fún ẹsẹ̀ ibùsùn kò sì ní àyè fún irú rẹ̀. Òrùka kò sì ní ìrù. Mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Ọ̀nà tí a ń gbà ní Glei, ti tálákà ni, ó sì bá igi wa mu. Tííkì oko tí wọ́n ń gé láti fún àwọn yòókù láyè kì í sanra, pákó tó ń jáde lára rẹ̀ kì í fẹ̀. Ègé rẹ̀ ló ń pọ̀ sí ìdí àpótí iṣẹ́, àwọn ìyá tó ń dáná sì máa ń wá rà á láràárọ̀. Kí wọ́n tó dé, àwa ọmọ iṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ ṣa èyí tó bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 9, tó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, sọ́tọ̀. Mẹ́ta nínú wọn ló ń yí igun kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á kó dígíríì 30, nítorí náà a ó gé ẹnu wọn ní 15. A ó lẹ̀ wọ́n pọ̀ di ìpele kan tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2. Ìpele mẹ́ta lórí ara wọn ni gíga kọ́níìsì, ẹnu ìpàdé ìpele kejì kò sì gbọdọ̀ bọ́ sórí ti ìkíní. Ní ìkángun méjèèjì, a ó lo ègé tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí igi náà lè lọ gbọọrọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lẹ́yìn ibi tí yíyí ti parí. Ìrù tí mo wí nìyẹn.

Ẹnì kan lè bèèrè pé kí ló dé tí a kò fi gbẹ́ ẹ lára ìtì igi kan ṣoṣo. A lè gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n iṣan igi kò ní bá igun náà yí. Ní ẹ̀gbẹ́ kan ara igi ló máa hàn, ní ẹ̀gbẹ́ kejì ojú gígé ni, ojú gígé sì máa ń mu fáníìsì bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Á dúdú ju ìyókù lọ. Bí a bá tò ó ní mẹ́ta-mẹ́ta, iṣan kọ̀ọ̀kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tẹ̀ lé igun náà lọ.

Ọ̀rọ̀ gúlúù ló ń dán sùúrù wò. Tííkì ní òróró nínú ara, òróró náà sì ń jáde bọ̀ sójú igi lẹ́yìn tí a bá ti fá a. Bí a bá fá pákó lónìí tí a dúró di ọ̀la kí a tó lẹ̀ ẹ́, ó lè já kúrò lára èkejì rẹ̀ láìpẹ́. Ọ̀gá ní kí a fá a, kí a fi àkísà tí a rẹ sínú asetóònù nù ún, kí a lẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ìrókò kò ní wàhálà yẹn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ wà lọ́tọ̀: òkúta máa ń wà nínú rẹ̀, òkúta gidi, tí igi náà fúnra rẹ̀ ṣe, ayùn tó bá sì kàn án, eyín rẹ̀ lọ nìyẹn. Eruku rẹ̀ a tún máa ta ẹni nímú. Àwọn àgbà tó ní kí a má fojú kéré ìrókò kò purọ́.

Nígbà tí gúlúù bá gbẹ, ohun tó wà lọ́wọ́ wa ṣì jẹ́ ìtì tó yí, kò tíì ní àwòrán. A ó kọ́kọ́ fi ayùn àti ṣísẹ́lì gé e ní àtẹ̀gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìfági kò lè wọ ibẹ̀, nítorí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, igi sì yí. Abẹ tí a fi ń ha á, àwa fúnra wa ló ń ṣe é. A ó mú irin ayùn tó ti gbó, a ó gbé e lé orí kọ́níìsì gbọọrọ tí a ti ní, a ó fi abẹ́rẹ́ fa àwòrán rẹ̀ sára irin náà, a ó sì fi fáìlì jẹ ẹ́ títí ibi tó wọnú lára igi yóò fi yọ síta lára irin. A ó dè é sáàárín igi méjì tó máa fara ti ara igun, a ó wá máa hó o lọ, máa hó o bọ̀. Ẹni tó bá fi agbára tẹ̀ ẹ́ á ya igi. Ọ̀gá á ní, "Jẹ́ kó jẹun fúnra rẹ̀." Níbi tí ègé kan ti pàdé èkejì, iṣan igi ń yí padà, ọwọ́ náà gbọ́dọ̀ yí padà, èyí tí à ń tì tẹ́lẹ̀ di èyí tí à ń fà. Ọwọ́ ni ó ń mọ̀ ọ́n, etí sì ń bá a mọ̀ ọ́n, torí pé ìró rẹ̀ á yí padà kí igi tó ya.

Àwọn bírìkìlà ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe kọ́níìsì ara ilé nìyẹn: wọ́n á gé páànù ní àwòrán tí wọ́n fẹ́, wọ́n á wọ́ ọ lórí àpòpọ̀ tó ṣì tutù, níbi tó bá yí wọ́n á kan ìdí rẹ̀ mọ́ ojú kan kó lè máa yí po. Iṣẹ́ àwọn Agùdà tó ti Brazil padà dé kún fún irú ọnà bẹ́ẹ̀, ní Èkó, ní Porto-Novo, títí dé etí òkun Togo. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894, lọ́wọ́ João Baptista da Costa ló ti jáde. Káfíńtà ni Balthazar dos Reis ní tirẹ̀, tábìlì tó ṣe sì gba àmì ẹ̀yẹ idẹ níbi àfihàn tí wọ́n ṣe ní London ní 1886. Mo máa ń rántí rẹ̀ bí àwọn kan bá ń sọ pé iṣẹ́ igi tó péye, òkè òkun ló ti ń wá.

Àgbékalẹ̀ ló kù. Ọmọ iṣẹ́ máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, níbi tó gùn, torí pé ibẹ̀ rọrùn. Ọ̀gá kì í gbà. Igun ni yóò kọ́kọ́ gùn ún. A ó fa ìlà yí orí kọ́bọ́ọ̀dù ká, a ó kan igi ìtìlẹ́yìn sí ibi tí kọ́níìsì máa ṣófo, a ó gbé igun náà lé e, a ó sún un títí ìrù méjèèjì yóò fi lẹ̀ mọ́ ojú tó tẹ́jú láìṣẹ́kù. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn gbọọrọ á tó wá bá a. Ìdí ni pé igi gbọọrọ ṣeé fá, ṣeé gé kúrú, ṣeé pààrọ̀. Igun kò ṣeé fọwọ́ kàn mọ́. Bí àwòrán ara wọn kò bá sì bára mu tán, ara ti gbọọrọ ni a ó ti wá a, lórí ìrù tó tẹ́jú, níbi tí sánpépà ti lè lọ tààrà. Bí ẹnu ìpàdé bá bọ́ síbi tí yíyí ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, sánpépà á hó o jù, òjìji á sì hàn níbẹ̀ bí iná bá ti ẹ̀gbẹ́ tàn sí i. Ìṣó igi kékeré méjì àti gúlúù ni a fi ń so wọ́n. Níbi tí ìṣó irin bá ti pọndandan, a ó kọ́kọ́ lu ihò, torí pé tííkì tó ti gbẹ máa ń là.

Gbígbẹ yẹn ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Ní agbègbè Atakpamé, ìgbà òjò á kọjá, lẹ́yìn náà ọyẹ́ á dé láti Oṣù Kejìlá. Igun tí a fi igi tútù ṣe nígbà òjò, ọyẹ́ ló máa ṣí ẹnu rẹ̀. Nítorí náà, àwọn ègé tí a ṣà sọ́tọ̀ máa ń wà lórí àjà ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ páànù gbígbóná fún ìgbà pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Oníbàárà tó ń kánjú kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn.

Ti owó ló wá kù. Ìyá kan á fi fóònù hàn wá, ọ̀gá á dá iye lé e, ìyá á pariwo. "Ẹ̀yin Ọ̀gá, igun tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ yìí, òun ni ẹ ń gba iye tí ẹ gbà lórí gbogbo iwájú lé lórí?" Ọ̀gá kì í ṣàlàyé kọ́ńpáàsì fún un. "Ẹ má bínú, Ìyá wa. Ẹ jẹ́ ká ṣe igun mímú fún yín, á dín." Ìyá á tún wo fóònù rẹ̀, á wo ọmọ tó ń sá kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á ní òun kò fẹ́ igun mímú. Wọ́n á ná an, wọ́n á ná an, ọ̀gá á yọ díẹ̀ kúrò níbi iye ilẹ̀kùn, kò ní yọ kọ́bọ̀ kúrò lórí igun. Kò sì ní jẹ́ kí a fa ayùn kankan títí ìdajì owó náà yóò fi wọlé.